Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwọn Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Guangzhou

Guangzhou, ìlú ńlá tí odò Pearl là kọjá ní gúúsù Ṣáínà, ti jẹ́ ibùdó fún àwọn oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Áfíríkà láti ìparí àwọn ọdún 1990. Ní àdúgbò Xiaobei àti Sanyuanli, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápákọ̀ òfurufú dé lè gbọ́ Yorùbá, Ìgbò àti Faransé, kí ó rí oúnjẹ ilé jẹ, kí ó sì rí ẹni tí yóò gbà á sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun rere ni èyí, ṣùgbọ́n ó ń mú kí àlejò gbàgbé pé abẹ́ òfin Ṣáínà ni òun wà, àti pé ìwé ni òfin náà fi ń mọ ènìyàn. Wàhálà tí ìwé kékeré kan tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú ń dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ kò kéré rárá.

Èyí tí mo kà sí àṣìṣe tí ó burú jù ni kí ènìyàn wọ ilé ọ̀rẹ́ tàbí yàrá tí ó háyà, kí ó má sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin ìwọlé àti ìjáde àwọn àjèjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2013, sọ pé àjèjì tí kò bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ ṣe ìforúkọsílẹ̀ yìí láàárín wákàtí 24, yálà òun fúnra rẹ̀ ni ó lọ ṣe é tàbí ẹni tí ó gbà á sílé. Òtẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe é fún àlejò rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó kọ́kọ́ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì fi máa ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí nígbà tí ó bá kó lọ sí ilé ọ̀rẹ́. Kò tíì parí. Ìtanràn rẹ̀ lè tó 2,000 yuan, ìyẹn owó Ṣáínà, ṣùgbọ́n ìtanràn kọ́ ni ó ń ká mi lára jù. Ìwé pélébé tí àgọ́ ọlọ́pàá ń fún ènìyàn lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ ni wọn yóò béèrè nígbà tí ó bá fẹ́ gba ìwé ìgbélùú, ẹni tí kò bá sì ní in yóò máa sáré kiri nígbà tí ọjọ́ ti ń lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó kúrò ní ilé kan sí òmíràn ni ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó san owó ilé, ẹ bi onílé léèrè bóyá yóò fún yín ní ìwé àdéhùn tí ẹ ó mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ní Guangzhou, ó wọ́pọ̀ kí onílé gba owó oṣù méjì gẹ́gẹ́ bí ìdógò, kí ó tún gba ti oṣù àkọ́kọ́ lé e. Bí ó bá ní kí ẹ má dárúkọ ilé òun fún ọlọ́pàá, bí ó ti wù kí owó yàrá náà rọjú tó, ẹ wá òmíràn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka físà wọn dáadáa. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lójú físà Ṣáínà: ọjọ́ tí ìgbà ìwọlé yóò parí, àti iye ọjọ́ tí a lè lò nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá wọlé. Bí a bá kọ oṣù Kejìlá sí ti àkọ́kọ́, tí a sì kọ 30 sí èkejì, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni ẹ ní, ì báà jẹ́ oṣù Kẹta ni ẹ wọlé. Ẹni tí ó bá kọjá ọjọ́ rẹ̀ lè gba ìkìlọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, ìtanràn 500 yuan ni fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí dé 10,000 yuan, tàbí àtìmọ́lé ọjọ́ 5 sí 15. Ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ 7 kí ọjọ́ yín tó pé nígbà tí ẹ bá ń béèrè fún àfikún. Ẹ wo kàlẹ́ńdà pẹ̀lú, nítorí pé ọ́fíìsì ìjọba máa ń tì ní àsìkò ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá.

Físà M wà fún òwò, X fún ẹ̀kọ́, Z fún iṣẹ́. Ájẹ́ǹtì tí ó bá sọ fún yín pé kí ẹ fi físà òwò wọlé wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́, pé ẹ ó yí i padà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ̀yin ni ó ń tì sínú ewu: ìtanràn ẹni tí ó ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ jẹ́ 5,000 sí 20,000 yuan, wọ́n sì lè lé e kúrò nílùú. Ẹ má sì fi páásípọ́ọ̀tì sílẹ̀ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin ní kí àjèjì tí ó ti pé ọdún 16 máa mú un rìn. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ọmọ Nàìjíríà kan tí ó ń sá fún àwọn ọlọ́pàá tí ń yẹ ìwé wò já bọ́ láti ojú fèrèsé, ó sì farapa gidigidi. Kò yẹ kí ìwé sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tí ń fo fèrèsé.

Lórí owó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Àwọn kan máa ń san náírà sí àkáǹtì ẹnì kan ní Nàìjíríà, kí ẹlòmíràn tí wọn kò mọ̀ rí fi yuan ránṣẹ́ sí wọn lórí WeChat tàbí Alipay, àwọn áàpù tí wọ́n fi ń sanwó lórí fóònù ní Ṣáínà. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin Ṣáínà kò fàyè gba pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè bẹ́ẹ̀. Bí yuan tí ó wọlé bá jẹ́ owó jìbìtì, ọlọ́pàá ìlú tí ẹ kò dé rí lè ti àkáǹtì yín pa, ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa wá ẹ̀rí kiri pé ẹ kò mọ nǹkan kan. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni ní káàdì báńkì yín. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò dì fúnra yín, nítorí pé oògùn olóró heroin tí ó bá tó gíráàmù 50 lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún 15, ẹ̀wọ̀n gbére tàbí ikú wá.

Ọ̀rọ̀ ìjọsìn kan àwa Yorùbá gan-an, torí pé ibi tí mẹ́ta wa bá ti pàdé ni ẹgbẹ́ àdúrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ṣáínà, ibi tí ìjọba fọwọ́ sí ni àwọn àjèjì ti lè pé jọ sìn; ẹ má sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má sì pín ìwé ìwàásù lójú pópó. Mọ́ṣáláṣí Huaisheng àti Xianxian wà fún Mùsùlùmí, Sacred Heart Cathedral sì wà fún àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà.

Google àti WhatsApp kì í ṣí níbẹ̀, nítorí náà ẹ gbé WeChat àti Alipay sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹni tí ọjọ́ físà rẹ̀ bá ti kọjá kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́, nítorí ìtanràn ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìwọlé àti ìjáde, tàbí kí ó kọ́kọ́ pe 12367, nọ́ńbà tí àjọ ìwọlé àti ìjáde wọn fi ń dáhùn ìbéèrè ní èdè Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì. Bí páásípọ́ọ̀tì bá sọnù, àgọ́ ọlọ́pàá ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ fún ìwé ẹ̀rí, kí ẹ tó lọ sí kọ́ńsúlétì Nàìjíríà tí ó wà ní Guangzhou níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì tì mọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n fi tó kọ́ńsúlétì náà létí.