Bí ẹ ṣe lè yanjú "Permission denied" lẹ́yìn tí ẹ bá fi sọ́fítíwià sórí ẹ̀rọ

Ìyá aládìrẹ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ló pè mí lọ́sàn-án Sátidé kan. "Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yín ò gba àwòrán mi o. Ẹ wá wò ó." Lọ́jọ́ méjì ṣáájú ni mo fi Ubuntu (ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux) àti WordPress (sọ́fítíwià tí a fi ń ṣe sáìtì) sórí kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lẹ́yìn káńtà wọn, kí wọ́n lè máa kó àwòrán aṣọ tuntun síbẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Èmi àti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gun ọ̀kadà láti Ọ̀kè-Fìà, a débẹ̀, a sì bá èyí lójú ẹ̀rọ:

Unable to create directory wp-content/uploads/2024/06. Is its parent directory writable by the server?

Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. WordPress náà ò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Sudo, àṣẹ tó ń fún èèyàn ní agbára ọ̀gá ẹ̀rọ, ni mo fi tú gbogbo fáìlì náà sílẹ̀, mi ò sì fà wọ́n lé ẹni tí yóò máa lò wọ́n lọ́wọ́. Lórí Linux, orúkọ ẹni tó bá ṣẹ̀dá fáìlì ni fáìlì náà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá fi sudo ṣe é, root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí ẹ̀rọ, ló fi ẹrù sí lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ Apache, sọ́fítíwià tó ń gbé sáìtì fún àwọn tó bá ṣí i, kì í fi orúkọ root dá àlejò lóhùn. Lórí Ubuntu àti Debian, www-data ló ń jẹ́. www-data wá dé iwájú fódà láti gbé àwòrán kalẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe tìẹ. Ìyẹn ni "Permission denied": kò ní ìyọ̀ǹda.

Ẹ má tíì tẹ 777

Kí n tó fìdí kalẹ̀ ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti ń tẹ̀ ẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, chmod 777 ló máa yanjú ẹ̀." Chmod ni àṣẹ tó ń yí ìyọ̀ǹda fáìlì àti fódà padà. Mo ní kó gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwòrán á wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tí 777 túmọ̀ sí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ yẹn, orúkọ yòówù kó máa jẹ́, lè kà á, ó lè yí i padà. Bí olè bá rí ihò kékeré kan wọlé, á kan kọ PHP (èdè prógíráàmù tí WordPress ń lò) tirẹ̀ síbẹ̀ ni, ó di tiẹ̀.

Mo tún ní ìdí tèmi. Nígbà kan tí oorun ń kùn mí, mo fẹ́ tẹ "sudo chmod -R 777 ./" àmọ́ mi ò tẹ àmì tó-ń-dúró (.) yẹn. Ó ku "/" nìkan, ìyẹn gbogbo ẹ̀rọ láti ìdí dókè. Nígbà tí n ó fi tẹ Ctrl+C, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Sudo fúnra rẹ̀ kọ̀ mí, ó ní òun "must be owned by uid 0 and have the setuid bit set". SSH, tí mo fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn, náà kọ̀, nítorí kì í gba kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé lè kà. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí pé mo ń fi Ubuntu sí i látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ pé kí ló dé

Apache a máa kọ ẹjọ́ tó bá ní sílẹ̀. Ẹ tẹ èyí:

sudo tail -n 30 /var/log/apache2/error.log

Bí ẹ bá rí "Permission denied", ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ni lóòótọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má tíì fọwọ́ kan ìyọ̀ǹda kankan, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn ni; ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tó kù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí orúkọ tí sọ́fítíwià ń jẹ́:

ps aux | grep apache2

Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ lápá òsì ni orúkọ yẹn wà. Ẹ óò rí root nínú ìlà kan, ìyẹn ọ̀gá tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. www-data tó wà nínú àwọn ìlà yòókù ni òṣìṣẹ́, òun la ń bá wí.

Ó wá ku ẹni tó ni fódà. Mo tẹ "ls -ld wp-content/uploads", ó dáhùn báyìí:

drwxr-xr-x 2 root root 4096 Jun 6 10:12 wp-content/uploads

Ẹ wo lẹ́tà mẹ́wàá àkọ́kọ́. d ní fódà ni. Mẹ́ta tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tó ni ín, mẹ́ta jẹ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀, mẹ́ta ìkẹyìn jẹ́ ti àwọn ará ìta. r ni kíkà, 4 ni. w ni kíkọ, 2 ni. x jẹ́ 1. Ẹ rò ó pọ̀: rwx jẹ́ 7, r-x jẹ́ 5, nítorí náà 755 lèyí. Root nìkan ló ní w níbẹ̀, www-data sì wà lára àwọn ará ìta.

x yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Lára fáìlì, ó túmọ̀ sí pé ẹ lè mú un ṣiṣẹ́ bíi prógíráàmù. Lára fódà, àyè láti gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹ rò ó bí agboolé. Yàrá ìyá àgbà lè ṣí sílẹ̀ gbayawu, bí wọ́n bá ti géètì ìta pa, ẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè tún fódà ìkẹyìn ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó má sì ṣiṣẹ́. Àṣẹ kan wà tó ń bá yín rin ọ̀nà náà láti géètì dé yàrá. Ká ní inú ilé ẹnìkan tó ń jẹ́ aduke ni sáìtì wà:

namei -l /home/aduke/itaja/uploads

Á to gbogbo fódà tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹni tó ni ín. Láti Ubuntu 21.04 ni fódà ilé oníkálukú ti di 750, drwxr-x---, tí àwọn ará ìta ò lè gbà kọjá mọ́. Bí ẹ bá gbé sáìtì sínú /home, ibẹ̀ ló ti máa dúró, Apache á sì kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé "search permissions are missing on a component of the path". Ẹ kó sáìtì náà lọ sí /var/www. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ẹ ṣí ilé yín sílẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹ tún un ṣe

Ẹni tó ni ín ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà. Ibi tó ní láti kọ nǹkan sí nìkan ni kí ẹ fún un, kì í ṣe gbogbo ilé:

sudo chown -R www-data:www-data /var/www/html/wp-content/uploads

Bí ẹnìkan bá ti tẹ 777 kí ẹ tó dé, ẹ ya fódà sọ́tọ̀ kúrò lára fáìlì:

sudo find /var/www/html -type d -exec chmod 755 {} \;
sudo find /var/www/html -type f -exec chmod 644 {} \;

Ẹ má fi "chmod -R 644" ṣe é. Ó máa gba x lọ́wọ́ àwọn fódà, géètì á tún tì. Fáìlì wp-config.php, tí ọ̀rọ̀ aṣínà dátábéèsì wà nínú rẹ̀, ẹ fi sí 640, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ www-data:

sudo chown root:www-data /var/www/html/wp-config.php
sudo chmod 640 /var/www/html/wp-config.php

Kí ẹ tó pe oníṣọ́ọ̀bù pé ó ti parí, ẹ ya ara yín sí www-data kí ẹ dán an wò:

sudo -u www-data touch /var/www/html/wp-content/uploads/idanwo.txt

Bí kò bá sọ nǹkan kan, ó ti gbà. Ẹ pa fáìlì ìdánwò yẹn rẹ́. Ìyá aládìrẹ gbé àwòrán ẹlẹ́kọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ sí i, ó wọlé. Wọ́n ní, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́sí nìyí?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò gbà

Lórí Fedora àti àwọn ẹbí rẹ̀, apache ni òṣìṣẹ́ ń jẹ́, SELinux sì tún jẹ́ ẹ̀ṣọ́ mìíràn tí kì í wo ti chmod. Bí lẹ́tà mẹ́wàá yẹn bá ní àmì tó-ń-dúró kékeré nídìí, ó ti fi àmì tirẹ̀ sára fáìlì náà. "sudo restorecon -Rv /var/www/html" ló sábà máa ń tún àmì náà tò.

Fílááṣì ni èkejì. Èyí tó jẹ́ FAT tàbí exFAT ò ní àyè tí yóò kọ orúkọ ẹni tó ni fáìlì sí, torí náà chown ò lè ràn án. Nígbà tí ẹ bá ń so ó mọ́ ẹ̀rọ ni kí ẹ ti dárúkọ. Nọ́ńbà www-data lórí Ubuntu ni 33. Ẹ fi "lsblk" wo orúkọ fílááṣì yín, kí ẹ sì ṣẹ̀dá fódà tí ẹ máa so ó mọ́ ṣáájú:

sudo mount -o uid=33,gid=33,umask=022 /dev/sdb1 /mnt/filaasi