Gbígbé ọkọ̀ bọ̀ wálé sí Ìlọrin: ìwé tó yẹ kó péye kí ẹ tó gba nọ́ńbà

Orí sítíárìn la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣòfò. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà ní London tàbí Dublin, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń gba apá ọ̀tún títì, òfin ìrìnnà ò sì fàyè gba sítíárìn ọ̀tún mọ́. Ẹ tà á síbẹ̀. Àwọn tó ń yí sítíárìn padà wà o, àmọ́ dáṣíbọọ̀dù, pẹ́dààlì àti wáyà ni wọ́n á tú palẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá tú báyẹn kì í sábà gún mọ́.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà lẹ ti ń bọ̀, ọjọ́ orí ọkọ̀ ló kàn. Kọ́sítọ́ọ̀mù wa kì í gba àlòkù tó bá ti lé ní ọdún 12 sí ọdún tí wọ́n ṣe é. Ẹ wo nọ́ńbà ṣaasí lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá òsì dáṣíbọọ̀dù. Àmì 17 ni. Èyí tó ṣìkẹwàá láti òsì ló ń sọ ọdún módẹ́ẹ̀lì: G ni 2016, H ni 2017, J ni 2018. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fo I ni, torí kò sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n pè ní 1 tàbí 0. Módẹ́ẹ̀lì 2016 sì lè ti jáde ní ìparí 2015. Sítíkà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà ni kí ẹ fi yanjú ìyẹn.

Ojúlówó táítù, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀ náà, ni kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà fẹ́ rí, ó kéré tán wákàtí 72 kí ọkọ̀ òkun tó gbéra. Bí gbèsè bá ṣì wà lórí mọ́tò náà, ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó yá yín lówó. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òkun tí wọ́n ń wa mọ́tò wọ̀ tààrà ni, ẹ má di ẹrù sínú rẹ̀: ọwọ́ àjèjì ni kọ́kọ́rọ́ máa wà títí dé Èkó. Inú kọ̀ǹténà ni kí aṣọ àti bàtà bá wá.

Ẹni tó bá ní kí ọkọ̀ yín gba Kùtọnu, kó já sí Chikanda ní Baruten, kó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ìlọrin, fàyàwọ́ ló ń bá yín sọ. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017, èbúté nìkan ni ìjọba gbà kí mọ́tò gbà wọlé.

Ní Èkó, ẹ ti fi ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun ránṣẹ́ sí àjẹ́ǹtì kí ọkọ̀ tó dé, torí ojoojúmọ́ ni owó ìdádúró ń gorí ara wọn. Iye tí kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́ọ̀mù bá dá lé e ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí, kì í ṣe iye tí ẹ rà á. Ẹ gba ìwé owó tí ẹ san fún kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àjẹ́ǹtì, kí ẹ tó san àṣekù owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ó di Ìlọrin. Ọ̀dọ̀ agbowó-orí ìpínlẹ̀, KW-IRS, lẹ ó lọ. Ẹ mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ìwé ẹrù, táítù, káàdì ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà owó orí yín dání. Adójútòfò ẹni kẹta fún ọkọ̀ ara ẹni jẹ́ ₦15,000 láti ọdún 2023. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ASKNIID, ìkànnì ayélujára tí wọ́n fi ń yẹ ìwé adójútòfò wò, torí ayédèrú pọ̀. Búlúù ni lẹ́tà ara nọ́ńbà ọkọ̀ ara ẹni, pupa ni ti akérò. Bí wọ́n bá gbé pupa fún yín, ẹ dá a padà.

Kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé, ẹ ka nọ́ńbà ṣaasí lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí ẹ fi wé ti ara ọkọ̀. Bí ẹ bá rí O níbẹ̀, òdo ni wọ́n ṣì kọ; kí wọ́n tún un tẹ̀ lójú ẹsẹ̀.