Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Iṣẹ́ Orin, Gígé Àwòrán àti Ìṣeré Mọ̀ Nínú Fíìmù Àtijọ́

Nígbà tí fíìmù kan bá já ènìyàn láyà tàbí tí ó bá pa á lẹ́kún, ìtàn inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń yìn. Bẹ́ẹ̀ ni a lè gbọ́ ìtàn kan náà lẹ́nu ẹlòmíràn kí ó má tilẹ̀ ṣe wá ní nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ orin sí fíìmù náà, ẹni tí ó gé àwòrán rẹ̀ tí ó sì tò ó, àti òṣèré tí ó dúró níwájú kámẹ́rà, àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n jọ ń darí ọkàn òǹwòran síbi tí wọ́n fẹ́. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bá wa, débi pé a kì í mọ ẹni tí ó ṣe èwo. Ọ̀nà tí a lè gbà yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, Psycho tí Alfred Hitchcock darí, tí ó jáde ní ọdún 1960, ni n ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ. Mo yàn án nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò pọ̀ ní àwọn ibi tí ó lágbára jù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yé pàápàá lè tẹ̀lé e.

Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdá a dúró. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì gbé fóònù yín jìnnà, nítorí pé ohun tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe fíìmù náà nìkan, bí kò ṣe ohun tí ó ṣe sí ẹ̀yin alára, bí kò bá sì tíì ṣe nǹkan kan sí yín, kò sí ohun tí ẹ óò rí yẹ̀ wò. Bí ó bá ti parí, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ àwọn ibi tí ara yín ti dáhùn sílẹ̀: ibi tí àyà yín ti là gààrà, ibi tí ẹ ti di apá àga mú, ibi tí àánú ẹni tí kò yẹ kí ẹ ṣàánú ti ṣe yín. Ẹ má kọ èrò yín nípa ìtàn náà rárá, ohun tí ara ṣe ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ó bọ́ sí. Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù yìí rí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró níhìn-ín kí ó lọ wò ó ná, nítorí pé mo fẹ́ tú àṣírí rẹ̀.

Orin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù láti yọ kúrò. Ẹ padà sí ibi tí Marion Crane, tí Janet Leigh ṣe, ti ń wakọ̀ sá lọ. Ó ti jí 40,000 dọ́là níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, ó sì ń lọ bá ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ní California. Ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n pátápátá, kí ẹ wá wò ó. Kí ni ẹ rí? Obìnrin kan tí ó di ìdarí ọkọ̀ mú, ojú ọ̀nà, iná ọkọ̀ tí ó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, òjò lójú gíláàsì. Ó lè jẹ́ ìsọmọlórúkọ ni ó ń lọ. Ẹ wá ṣí ohùn padà kí ẹ tún ibẹ̀ wò, ẹ óò rí i pé ara yín kò ní balẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan tí ó yí padà lójú àwòrán. Bernard Herrmann tí ó kọ orin náà kò lo fèrè, kò lo kàkàkí, kò sì lo ìlù. Ohun èlò olókùn nìkan ni ó lò, láti orí fáyólìnì tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín dé orí èyí tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì ń mú wọn tún gbólóhùn orin kúkúrú kan pè léraléra láìjẹ́ kí ó rí ibi sinmi. Ohun tí ó sì wú mi lórí jù nípa rẹ̀ ni pé orin tí a fi ṣí fíìmù náà, nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń jáde, ni ó padà wá nígbà tí obìnrin yìí ń wakọ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a ti kọ́ etí wa láti bẹ̀rù kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ di ojú, kí ẹ gbọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta láìwo nǹkan kan. Ẹ bi ara yín pé: ṣé orin ni ó kọ́kọ́ dé tàbí ìṣẹ̀lẹ̀? Bí orin bá ṣáájú, ẹni tí ó kọ ọ́ ń ta yín lólobó. Bí ó bá tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀, ó ń sọ fún yín bí ó ṣe yẹ kí ẹ gbà á. Ẹ tún ṣàkíyèsí ibi tí orin ti dákẹ́, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ jẹ́ ìpinnu gẹ́gẹ́ bí orin fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa Marion nínú ilé ìwẹ̀, Hitchcock kò fẹ́ kí orin kankan wà níbẹ̀ rárá, omi àti igbe nìkan ni ó fẹ́. Herrmann kọ orin sí i síbẹ̀síbẹ̀, nígbà tí Hitchcock sì gbọ́ ọ, ó yí ọkàn rẹ̀ padà. Ẹ fetí sí bí ó ṣe lọ: fáyólìnì ń han gooro lókè nígbà tí ọ̀bẹ ń lọ sókè sódò, ohùn náà bọ́ sísàlẹ̀, ó sì wúwo nígbà tí obìnrin náà ń yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri, lẹ́yìn náà orin dákẹ́ pátápátá, omi nìkan ni ó kù tí ó ń dà. Ní tèmi, ìró omi yẹn ni ó burú jù. Orin ti ń bá wa bẹ̀rù láti ẹ̀yìn wá, àfi bí ó ṣe fi wá sílẹ̀ lójijì pẹ̀lú òkú.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohun tí orin lè yí padà láìfọwọ́ kan àwòrán, ẹ wá fíìmù tí kò ní ohùn, irú Battleship Potemkin tí Sergei Eisenstein ṣe ní ọdún 1925. Edmund Meisel ni ó kọ orin tí wọ́n fi gbé e jáde ní Berlin ní ọdún 1926, ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti kọ orin tiwọn sí i láti ìgbà náà. Ẹ wá ẹ̀dà méjì tí orin wọn kò bára mu, kí ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ìlú Odessa nínú méjèèjì. Èyí náà ni ó fi yẹ kí ẹ máa wádìí ẹni tí ó ni orin tí ẹ ń gbọ́ kí ẹ tó yin fíìmù àtijọ́ kan tàbí kí ẹ tó bú u, nítorí pé orin tí wọ́n fi sí fíìmù aláìlóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má jẹ́ èyí tí àwọn òǹwòran àkọ́kọ́ gbọ́.

Gígé àwòrán le díẹ̀ láti rí, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe kì í jẹ́ kí a mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tí ó dára jù ni pé kí ẹ máa fi ìka kan tábìlì ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá yí padà sí òmíràn. Ní ibi tí Marion àti Norman Bates, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bójú tó ilé ìtura tí ó wọ̀ sí, ti jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ìka yín yóò máa lọ jẹ́jẹ́. Nínú ilé ìwẹ̀, ọwọ́ yín kò ní lè bá a mọ́, nítorí pé àwòrán tí ó lé ní 50 ni George Tomasini tò tẹ̀léra nínú nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 45, ọjọ́ 7 ni wọ́n sì fi ya ibẹ̀ nìkan. Ẹ wá tún un wò, kí ẹ máa dá a dúró ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ibi tí ọ̀bẹ ti wọ ara. Ẹ óò wá a tì, àfi ibi kan tí ó rọra kan ara fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọwọ́ ni ẹ óò rí, ẹnu tí ó là, ẹsẹ̀ nínú omi, ọ̀bẹ lókè, ọkàn yín ni ó sì so wọ́n pọ̀ di ìpànìyàn. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn lọ sínú ihò omi pàápàá, omi ṣokoléètì ni, nítorí pé dúdú àti funfun ni àwòrán náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ìdí tí èyí fi lè ṣẹlẹ̀ ni a ti mọ̀ ṣáájú àkókò náà ní Rọ́ṣíà. Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù kan níbẹ̀, mú àwòrán ojú òṣèré kan tí ń jẹ́ Mosjoukine, ojú tí kò fi nǹkan kan hàn, ó sì tò ó pẹ̀lú àwòrán mìíràn: abọ́ ọbẹ̀, obìnrin tí ó kú nínú pósí, ọmọdébìnrin tí ń ṣeré. Gẹ́gẹ́ bí Pudovkin, tí òun náà jẹ́ olùdarí fíìmù ní Rọ́ṣíà, ti kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n wò ó yin òṣèré náà gidigidi, wọ́n ní ó wo ọbẹ̀ bí ẹni tí ń ronú, ó wo òkú pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ. Ojú kan náà ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wo fíìmù èyíkéyìí, pàápàá nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ pé òṣèré kan mọ eré ṣe.

Ẹ má sì rò pé ìgbà tí àwòrán bá ń yí kíákíá nìkan ni ẹni tí ń gé e ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tí Marion ti ṣubú, ojú rẹ̀ tí kò ṣẹ́ mọ́ kún gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà sì rọra ń yí kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn eré sísá yẹn, ìdúró pẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí ikú wọ̀ wá lára.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ ohun tí ó jẹ́ ti òṣèré gan-an? Òfin kan wà tí mo máa ń tẹ̀ lé. Bí ojú ènìyàn bá yí padà nínú àwòrán kan ṣoṣo tí a kò gé, ti òṣèré ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán mìíràn ni ó wọ àárín kí ó tó dà bíi pé ojú náà yí padà, ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹni tí ń gé àwòrán. Nítorí náà, ẹ yan òṣèré kan, kí ẹ máa wo òun nìkan, pàápàá nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ń ṣe nígbà tí kò ní nǹkan ṣe. Anthony Perkins tí ó ṣe Norman Bates yẹ ní wíwò báyìí ju ẹnikẹ́ni lọ nínú fíìmù náà. Ó ń kólòlò lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹyẹ, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ tún já gaara, àfi ìgbà tí Marion dá a lábàá pé kí ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ibi kan, ó sì fà síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ sì di ti ẹlòmíràn.

Ẹ wá wo ibi tí ó ti ń fọ ilé ìwẹ̀. Ó pẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, a kàn ń wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń nu ẹ̀jẹ̀ tí ó gbà pé ìyá òun ni ó ta á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti ọkọ̀ tí òkú wà nínú rẹ̀ sínú àbàtà, ó dúró, ó ń jẹ súìtì lẹ́nu, èyí tí ó jẹ́ àbá Perkins fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ náà rì díẹ̀, ó dúró. Ẹnu Norman dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ wo àkọsílẹ̀ yín, ẹ lè rí i pé ẹ ti kọ ìṣẹ́jú yìí sílẹ̀, nítorí pé níbí ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti máa ń dá èémí dúró, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ọkọ̀ náà rì. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, Marion ni ọkàn wa wà pẹ̀lú. Ẹnu kan tí ó dẹ́kun jíjẹ ni ó gbé wa sọdá sọ́dọ̀ ẹni tí ń bo òkú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé òṣèré lè ṣiṣẹ́ ńlá nípa fífi nǹkan pamọ́. Nígbà tí wọ́n ń ya Casablanca, tí ó jáde ní ọdún 1942, wọn kò tíì parí kíkọ ìtàn náà, Ingrid Bergman sì béèrè èwo nínú ọkùnrin méjèèjì ni òun fẹ́ràn. Wọ́n ní kí ó ṣe é sí àárín méjèèjì. Ẹ wo ojú rẹ̀ nígbà tí Sam tí ń tẹ dùùrù ń kọrin fún un, ẹ óò rí i pé kò pinnu nǹkan kan fún wa, àwa ni a ń parí rẹ̀, orin sì ń tì wá lẹ́yìn.

Nígbà tí ojú àti etí yín bá ti mọ́ ọn, ẹ lọ wo ibi tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ti wọnú ara wọn. Mo fẹ́ràn Pather Panchali tí Satyajit Ray ṣe ní Íńdíà ní ọdún 1955 fún èyí. Bàbá ilé ti ìrìn àjò dé, kò mọ̀ pé Durga ọmọ òun ti kú. Ó ń kó ẹrù jáde tayọ̀tayọ̀, ó mú aṣọ tí ó rà fún ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Karuna Banerjee tí ó ṣe ìyá náà la ẹnu sọkún, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun èlò kan tí à ń fi ọrun họ́ okùn rẹ̀ bíi ti gòjé ni ó han lókè fíofío dípò igbe rẹ̀, nínú orin tí Ravi Shankar kọ. Ẹ pa ohùn ibẹ̀, ẹ óò rí òṣèré tí ń sọkún dáadáa. Ẹ di ojú, ẹ óò gbọ́ okùn tí ń ké. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ó tó, àfi ìgbà tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n padà pàdé.

Nínú fíìmù Yorùbá, ẹ óò ní láti fi ìgbésẹ̀ kan kún un, nítorí pé ìlù wa ń fọ̀. Orin Herrmann lè sọ fún wa pé kí a bẹ̀rù, ṣùgbọ́n dùndún lè pe orúkọ, ó lè pa òwe, ó lè bú ènìyàn lójú ara rẹ̀. Nínú Saworoidẹ tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ìlù fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ìtàn ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ wo ibi tí ìlù ti wọlé, kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ pe àgbàlagbà tí ó gbọ́ ìlù, kí òun náà di ojú kí ó sọ ohun tí ìlù wí. Ẹ gbé ti yín àti tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ tó tún ibẹ̀ wò.