Jàǹbá Ọkọ̀ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ṣẹlẹ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣe

Bí ọkọ̀ bá ti lu ara wọn tán, ohun tó máa ń yá ọ̀pọ̀ èèyàn lára ni kí wọ́n já ilẹ̀kùn, kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ lọ wo ibi tó tẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ mìíràn tó ń sáré bọ̀ ti lè gbá ẹni tí jàǹbá àkọ́kọ́ kò rí gbé ṣe. Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ: ká kọ́kọ́ dènà jàǹbá kejì, ká wá gba ẹ̀mí là, kí ọ̀rọ̀ bọ́ńpà àti ta-ló-jẹ̀bi tó délẹ̀.

Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn

Ẹ dúró. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kéèyàn sá kúrò níbi jàǹbá, bí kò tiẹ̀ jẹ́ òun ló jẹ̀bi. Ẹ fa háńdì búréèkì, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má fojú kéré èyí o: bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù á máa ti epo síwájú, bí páìpù bá sì ti já, orí sálẹ́ńsà tó gbóná ni epo náà lè máa kán sí. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ìyẹn bọ́tìnnì onígun mẹ́ta tó ń mú kí tiráfíkétọ̀ ọ̀tún àti òsì máa ṣẹ́jú pọ̀.

Bí airbag bá ti tú jáde, eruku funfun á gba inú ọkọ̀ kan, á sì máa rùn bí ohun tó jóná. Ìyẹn nìkan kì í ṣe iná. Òórùn epo, èéfín tó ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí iná tójú rí ni kí ẹ sá fún: kí gbogbo èèyàn jáde, kí wọ́n sì jìnnà tó mítà 30. Ṣùgbọ́n bí wáyà iná bá já lé ọkọ̀ lórí, tí ọkọ̀ kò sì gbiná, inú ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí títí àwọn tó ni iná yóò fi pa á. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọkọ̀, iná á gba ara rẹ̀ kọjá.

Ojú ọ̀nà

Ẹ wo ẹ̀yìn nínú díńgí, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kò ti ń kọjá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má dúró sí àárín ọkọ̀ méjì, ẹ má sì dúró síwájú iná ẹ̀yìn ọkọ̀ yín débi tí ẹ ó fi bò ó. Ẹ gbé C-caution, ìyẹn àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta, sẹ́yìn, ó kéré tán mítà 45 sí ọkọ̀ yín. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kọ́nà tàbí lẹ́yìn òkè, kí ẹ gbé e síwájú kọ́nà náà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ á ti rí i kó tó yí. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí eré ti pọ̀ jù, ẹ má ṣe lọ gbé C-caution kalẹ̀ rárá, kí gbogbo yín bọ́ sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá farapa, tí ọkọ̀ sì lè rìn, ẹ ya fọ́tò méjì mẹ́ta kíá, kí ẹ sì wà á sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹni tí kò pariwo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá

Ẹni tó ń kígbe ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Ẹ gbá a léjìká, kí ẹ pè é sókè, kí ẹ wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbéra, ẹ má lò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Mímí gùlegùle bí ẹni tó ń hanrun, tó ń dá dúró lójijì, kì í ṣe èémí gidi. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Bó bá ń mí, ẹ má fà á jáde, àfi bí iná, omi tàbí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Bí eegun ọrùn bá ti ṣẹ́, fífà yẹn lè sọ ọ́ di arọ. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú bẹ́ẹ̀ láìyí i. Bí èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń dí i lẹ́nu, ẹ yí orí, ọrùn àti ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣí akoto lórí ọlọ́kadà tó ń mí dáadáa. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni tó farapa lómi mu, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó: ó lè fún un lọ́nà ọ̀fun, ó sì lè fa wàhálà bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ẹ̀jẹ̀ kò gba ìdúró. Ẹ ká aṣọ tó mọ́, ẹ gbé e lé ojú ọgbẹ́, kí ẹ fi gbogbo ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan wọ́n á ṣí aṣọ wò bóyá ó ti dá. Ṣíṣí yẹn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì ya. Bí aṣọ bá rin, ẹ gbé òmíràn lé e, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú láti apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ títẹ̀, ẹ fi aṣọ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 di òkè ọgbẹ́, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 síbẹ̀, kó má bọ́ sórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Ẹ ki igi bọ̀ ọ́, kí ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Okùn tín-ín-rín àti wáyà kò dára, ẹran ara ni wọ́n ń gé. Ẹ kọ aago tí ẹ dì í sílẹ̀, ẹ má sì tú u. Bí irin tàbí gíláàsì bá gún un, ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi aṣọ há a lọ́tùn-ún lósì.

Ìpè

Nọ́ńbà 112 ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù alágbèéká ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ibi tí ẹ wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, torí bí ìlà bá já, wọ́n ṣì lè wá yín kàn. Lẹ́yìn náà, iye èèyàn tó farapa, bóyá ẹnì kan há sínú ọkọ̀, bóyá iná wà. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ oníbátìrì, ẹ sọ fún panápaná, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn. Bátìrì rẹ̀ lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí púpọ̀.

Ẹ̀rí

Ẹ ya fọ́tò láti òkèèrè kí ojú ọ̀nà, àmì àti ipò àwọn ọkọ̀ hàn, kí ẹ tó sún mọ́ ibi tó bà jẹ́. Ẹ ya ipa táyà, gíláàsì tó fọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ẹ ya láísẹ́ǹsì àti ìwé ìnṣọ́ránsì ẹnì kejì, ó sàn ju kíkọ lọ, torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n máa ń fo nọ́ńbà. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹlẹ́rìí kó tó lọ. Bí kámẹ́rà bá wà nínú ọkọ̀, ẹ tọ́jú fídíò náà kíá. Bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ó lè kọ èyí tuntun lé e lórí. Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ béèrè bóyá ara ẹnì kejì le, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọlọ́pàá. “Èmi ni mo jẹ̀bi” kò sí lára rẹ̀, èébú náà kò sì sí.

Kí ẹ tó tún wa ọkọ̀, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń kán, kí ẹ tẹ búréèkì wò, kí ẹ wò ó bóyá táyà ń ha ara, bóyá bọ́nẹ́ẹ̀tì ti dé pa. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí lórí eré, iwájú ni kò ní jẹ́ kí ẹ rí mọ́.

Ọjọ́ méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé e

Ìpayà máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀. Orí fífọ́ tó ń le sí i, èébì léraléra, oorun tí jíjí rẹ̀ nira, ọmọlójú kan tó tóbi ju èkejì, inú rírun tàbí ipa bẹ́líìtì tó dúdú lára ikùn: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí aláboyún lọ, bí kò tiẹ̀ dùn ún níbì kan. Ẹ tètè fi tó àwọn oníìnṣọ́ránsì létí.

Bẹ́líìtì tó ti di èèyàn mú nínú jàǹbá tó le ti nà, kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì; ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àga ọmọdé, bí ojú kò tiẹ̀ rí ìlàpa kankan lára rẹ̀. Ẹ gé okùn rẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹlòmíràn má baà gbé e fún ọmọ rẹ̀.