Ooru àti Atẹ́gùn Nínú Kámpà Aláṣọ Nígbà Òtútù

Àwọn ìdílé wa ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ìlú Ọba tó ti ra pop-up camper la kọ ìwé yìí fún. Kámpà kékeré tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni: òrùlé rẹ̀ á gbéra sókè, bẹ́ẹ̀dì á yọ jáde ní ìhà méjèèjì, aṣọ kánfáàsì ló sì ṣe ògiri. Ìgbà ooru gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ bó ṣe yẹ kó ṣe é lè sùn nínú rẹ̀ lóṣù kẹwàá kó má gbọ̀n.

Tí òtútù bá dé, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ká dí gbogbo ihò. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ sùn nínú tiwa, gbogbo sípù fèrèsé la fà tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ń kán sí wa lójú láti òkè, kúbùsù ti rin gbingbin, òtútù àárọ̀ ọjọ́ yẹn sì ju ti òru lọ. Òjò ò rọ̀ rárá. Èémí wa ló di omi.

Bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì ṣe máa ń làágùn, bẹ́ẹ̀ náà ni kánfáàsì tútù ṣe máa ń ṣe nígbà tí èémí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ bá kàn án. Gáàsì tún ń dá kún un: kílò 1 gáàsì propane tó bá jó nínú ilé, tí kò sí páìpù tó ń gbé èéfín rẹ̀ síta, máa ń di omi tó ju kílò 1.5 lọ. Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé òrùlé díẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀ kan níwọ̀n ìka mẹ́rin, ní ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ wá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde pẹ̀lú ọ̀rinrin, tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ má bẹ̀rù afẹ́fẹ́ tútù yẹn. Omi inú rẹ̀ kéré, tó bá sì ti móoru tán, òun gan-an ló máa fa ọ̀rinrin inú kámpà lọ. Ooru díẹ̀ á bá a jáde o, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ kò ní gbọ̀n bí ẹni tí ara rẹ̀ tutù.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nìyí. Gbogbo wa tó dàgbà nílé la ti gbọ́ ọ rí: ìdílé kan gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tilẹ̀kùn, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó jí. Carbon monoxide ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, agbára tó fi ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ sì ju ti oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Ẹ má sọ pé aṣọ lásán ni ògiri kámpà, pé èéfín á rí ọ̀nà jáde. Aṣọ yẹn ò tó. Ẹ má gbé eédú wọlé, kódà kó ku ẹ̀ṣẹ́ná nìkan. Ẹ má tan sítóòfù oúnjẹ láti fi yáná. Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí kámpà ní mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ẹ ra aago ìkìlọ̀ carbon monoxide, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò kí ẹ tó sùn. Aago ìkìlọ̀ ti gáàsì propane yàtọ̀: ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ni tirẹ̀ ń wà, torí propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ.

Tí orí bá ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì ń gbé wọn, ẹ má rò pé ibà ni. Ẹ kó gbogbo ènìyàn síta, kí ẹ pe 911, tàbí 999 ní ìlú Ọba.

Nínú gbogbo ohun tó ń mú kámpà gbóná, èyí tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn ni mo fẹ́ràn jù. Iná rẹ̀ wà nínú àpótí tó dí pa, ìta ló ti ń fa afẹ́fẹ́, ìta náà ló ń tú èéfín sí. Àléébù rẹ̀ ni pé fáànù rẹ̀ ń jẹ bátìrì. Tí bátìrì bá rẹ̀ ẹ́, ìdájí tí òtútù mú jù ló máa kọ̀ láti tàn. Ẹ ṣáàjì bátìrì kó kún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Níbi tí iná mànàmáná bá wà, hítà 1500 watt kò mú ọ̀rinrin wá. Ní Amẹ́ríkà, ampere 12.5 ló ń fà, nítorí náà ẹ má fi kẹ́tùlù sójú iná kan náà. Ẹ lo wáyà tó nípọn, ẹ fọwọ́ kan pọ́lọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn wákàtí kan, kí hítà sì jìnnà sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní mítà kan. Hítà gáàsì àgbérìn, èyí tí wọ́n ṣe fún inú ilé nìkan ni kí ẹ lò, pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn. Ẹ̀yin ará ìlú Ọba, ẹ wo ara sílíńdà yín: gáàsì butane kì í fẹ́ jáde tí òtútù bá ti dé 0°C, propane ni kí ẹ rà.

Bẹ́ẹ̀dì yín, òfìfo ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni òtútù ti ń gùn wá. Ẹ tẹ́ fóòmù tàbí kúbùsù sábẹ́ yín kí ẹ tó ro ti èyí tí ẹ máa fi bora. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Abetí-ajá kì í ṣe ti òde àríyá nìkan. Ẹ fa etí rẹ̀ wálẹ̀ kó bo etí yín.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ nu kánfáàsì kí ẹ tó ká a. Tí ẹ bá ní láti ká a ní tútù, ẹ ṣí i padà nílé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dé ojú rírán, kó má baà bu.