Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ikọ̀ Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n Obìnrin Notre Dame ní Èdè Yorùbá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Mo kọ ìtàn ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin Yunifásítì Notre Dame, tó wà lẹ́bàá ìlú South Bend ní ìpínlẹ̀ Indiana lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní èdè Yorùbá, fún àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ilé-ìwé girama tí mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ n'Íbàdàn. Orúkọ Arike Ogunbowale ló fà á. Ìlú Milwaukee ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, gbogbo ọmọ ikọ̀ wa ló sì ti wo fídíò bọ́ọ̀lù tó jù wọlé lọ́dún 2018, tí Notre Dame fi gba ife, lórí fóònù. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ikọ̀ tó gbá bọ́ọ̀lù náà fún ti wà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún kí bọ́ọ̀lù yẹn tó wọlé, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọdún náà ni wọn kò fi rí ife kankan gbà. Apá yìí gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Mo kọ́kọ́ to àwọn ọdún náà tẹ̀ léra wọn láti inú àkọsílẹ̀ tí yunifásítì náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde. Níwájú ọdún kọ̀ọ̀kan mo kọ orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, iye ìdíje tí wọ́n jáwé olúborí nínú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n bá a dé. Bí mo ti ń to wọ́n ni mo rí i pé ìtàn náà kò lè bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́ọ̀lù rárá. Ọkùnrin nìkan ni Notre Dame ń gbà fún oyè àkọ́kọ́ títí di ọdún 1972. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Title IX, èyí tó sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin, eré ìdárayá sì wà lára ohun tí òfin náà kàn. Mo lo àkókò púpọ̀ lórí ìpínrọ̀ yìí, nítorí ọmọ tó bá rò pé pápá ìṣeré ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún àwọn obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀ wá kò ní mọ rírì ohun tí àwọn tó ṣáájú ṣe. Ní sáà 1977 sí 1978 ni ikọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ikọ̀ tí yunifásítì fọwọ́ sí, Sharon Petro sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àkọ́kọ́. Mary DiStanislao gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980. Lẹ́yìn ọdún méjì ni àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìdíje àpapọ̀ fún àwọn obìnrin, ṣùgbọ́n Notre Dame kò rí àyè wọ inú rẹ̀ títí di 1992.

Ní 1987 ni Muffet McGraw dé láti Yunifásítì Lehigh gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Sáà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀, ó sì jáwé olúborí nígbà 848. Bí mo bá fi iye yìí síwájú, á dà bí ẹni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan ti ń rọgbọ fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sí ìparí, tí mo sì jẹ́ kí ó hàn kedere pé ọdún mẹ́wàá gbáko ló lò kí ikọ̀ rẹ̀ tó dé àárín àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 1997, níbi tí Tennessee ti dá wọn dúró.

Kí n tó kọ nípa àwọn ìdíje gan-an, mo ní láti ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe ń pín àkókò eré, nítorí pé ó yí padà láàárín ìtàn náà. Títí di 2015, abala méjì tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni àwọn obìnrin yunifásítì ní Amẹ́ríkà ń gbá. Láti sáà 2015 sí 2016 ni wọ́n ti sọ ọ́ di abala mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ka àbájáde 2001 àti ti 2018 pọ̀, wọn kò sì ní bára mu lójú rẹ̀.

Nípa 2001, mo kọ̀wé gùn. Nínú ìdíje tó kángun sí àṣekágbá, UConn, ìyẹn Yunifásítì Connecticut, tó gba ife lọ́dún tó ṣáájú ni wọ́n bá pàdé, UConn sì fi ayò 49 sí 37 ṣíwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Mo ní kí àwọn ọmọ wa fi pẹ́ńsù yọ iye náà kúrò nínú àbájáde ìparí, tó jẹ́ 90 sí 75, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i pé Notre Dame gba ayò 53 lẹ́yìn ìsinmi nígbà tí UConn gba 26 péré. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni àṣekágbá wáyé ní St. Louis, ìlú Niele Ivey tó ń darí eré fún wọn nínú pápá. Purdue, tí òun náà wà ní Indiana, ni alátakò wọn. Ayò dọ́gba ní 66 sí 66 nígbà tí wọ́n ṣẹ Ruth Riley, agbábọ́ọ̀lù Notre Dame, tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 5.8. Wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì, ó sì ju méjèèjì wọlé. Ife àkọ́kọ́ nìyẹn.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fo àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e dé 2018, kí ìwé náà má bàa gùn jù. Mo gbà pé kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa ọdún 2002 sí 2010, ìpínrọ̀ kékeré kan ló sì gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò lè fo 2011 sí 2015. Ọdún márùn-ún léraléra ni wọ́n dé àárín àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn. Wọ́n dé àṣekágbá nígbà mẹ́rin nínú rẹ̀, wọ́n sì pàdánù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Texas A&M ló borí wọn ní 2011, Baylor tí kò pàdánù ẹyọ kan nínú ìdíje ogójì ní 2012, UConn ní 2014 àti 2015. Ti 2014 ló dùn mí jù, nítorí pé ikọ̀ méjèèjì ni kò tíì pàdánù kankan lọ́dún náà kí wọ́n tó pàdé, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú àṣekágbá àwọn obìnrin. Mo kọ àbájáde rẹ̀ síbẹ̀ gedegbe: 79 sí 58.

Nígbà tí mo dé 2018, mo kọ́kọ́ sọ ti àwọn tí kò sí nínú pápá. Agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ni iṣan orúnkún wọn já, tí sáà náà fi bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, Brianna Turner sì wà lára wọn. Àwọn tó ṣẹ́kù ló bá UConn, tó ti jáwé olúborí nínú ìdíje 36 láìpàdánù, gbá a dé àfikún àkókò nínú ìdíje tó kángun sí àṣekágbá ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio. Ogunbowale ló ju bọ́ọ̀lù tó parí rẹ̀ sí 91 sí 89. Ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde ni àṣekágbá bọ́ sí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin bíi ti 2001. Ẹ wo abala kejì eré náà: ayò mẹ́ta péré ni Notre Dame rí gbà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mississippi State, alátakò wọn, fi 30 sí 17 lọ sinmi, wọ́n sì fi ayò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣíwájú nígbà kan. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni Notre Dame ń bu ayò náà jẹ títí ó fi dọ́gba ní 58.

Mo wo àwọn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta tó kẹ́yìn ní àwòtúnwò, mo ń dá fídíò náà dúró, mo sì ń kọ ohun tí mo rí. Jackie Young ló ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Ogunbowale gbà á, ó lù ú mọ́lẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, ó sì fò sókè pẹ̀lú alátakò méjì níwájú rẹ̀, bí ara rẹ̀ ti ń fì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́ọ̀lù aláyò mẹ́ta ni. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ló kù nígbà tó wọ àwọ̀n. 61 sí 58.

Mo fi 2019 kún un láìbò ó mọ́lẹ̀. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Baylor, Ogunbowale gba ayò 31, wọ́n sì fún un ní bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ méjì nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 1.9, tí Baylor fi ayò méjì ṣíwájú. Èkíní kò wọlé. Baylor gba ife pẹ̀lú 82 sí 81. Ayò 2,626 ló gbà fún Notre Dame lápapọ̀, kò sì sí ẹni tó tíì gbà tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ nígbà tó lọ. Mo gbé ìtàn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Riley, ojú ìwé kan náà, nítorí pé bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ ni àwọn ọmọ wa kì í fẹ́ fi dánra wò.

Mo dá ìtàn náà dúró sí oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí McGraw fẹ̀yìn tì, tí Ivey tó gbá bọ́ọ̀lù fún un ní 2001 sì gba ipò rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńláńlá, mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan, balógun ikọ̀ wa sì ń ka apá kan sókè ṣáájú ìgbáradì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti ka á dé 1997.