Tẹ́ ẹ bá ń lọ pẹja ní Lake Lanier nígbà ìrúwé, omi ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo oòrùn

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Atlanta àti agbègbè Gwinnett, tí oṣù Kẹta bá ti wọlé báyìí tí oòrùn yọ díẹ̀, kálukú á ti máa sọ pé òun ń lọ sí Lanier, adágún ńlá tó wà ní Georgia níbí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ìrúwé máa ń tanni jẹ o. Ooru lè ti tó dígírì 75 ti Fahrenheit lọ́sàn-án kí omi ṣì wà ní 50 àti díẹ̀, torí adágún náà fẹ̀, ó tó 38,000 éékà, ó sì jìn gan-an lápá ibi tí Buford Dam, ìyẹn dáàmù tó sé omi náà, wà, omi tó pọ̀ tó yẹn kì í yára gbóná. Ibi tí omi bá gbóná dé lẹja ń bá a dé. Tẹ́ ẹ bá ti dé màrínà, ìyẹn ibùdókọ̀ ojú omi, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ béèrè bí omi ṣe gbóná tó lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìjẹ ẹja, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n.

Tí kò bá tíì tó 55, ẹja ṣì wà nísàlẹ̀, kì í fẹ́ sáré tẹ̀ lé nǹkan kan, ẹ rọra máa fa okùn yín. Tó bá ti wà láàárín 60 sí 65, àsìkò ẹja tí wọ́n ń pè ní crappie nìyẹn, wọ́n á ti máa sún mọ́ etí omi láti yé ẹyin. Ìparí àwọn kọ̀rọ̀ tí omi ti ya wọlé ni kẹ́ ẹ lọ, pàápàá etí omi apá àríwá tí oòrùn máa ń mú jù, tí òjò bá sì ti rọ̀ tí omi ibẹ̀ dàrú díẹ̀, ẹ má sá fún un, omi tó dàrú díẹ̀ máa ń tètè gbóná ju èyí tó mọ́ gaara lọ. Ẹ wá abẹ́ dọ́ọ̀kì àti ibi tí igi wó sínú omi, ẹja kékeré tó ṣì wà láàyè tàbí jig kékeré, ìyẹn ìjẹ àtọwọ́dá tó ní ìwọ̀ lára, ti tó.

Ohun tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ni pé crappie kì í fi gbogbo ìgbà fa okùn wọlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ti máa ń gbéra tó bá fẹ́ jẹ, nítorí náà nígbà míì okùn yín á kàn dẹ̀ lójijì, tàbí kí ohun tó ń léfòó tẹ́ ẹ so mọ́ okùn dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹja ti mú un nìyẹn o, ẹ rọra gbé ọ̀pá sókè, ẹ má fà á tagbáratagbára, torí ẹnu ẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó máa ya, ẹja á sì lọ. Ẹni tó bá ní súúrù á rí èyí tó máa dín.

Ẹja spotted bass wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ibi olókùúta, èyí tí kò bá tó íǹṣì 14 kẹ́ ẹ dá a padà. Ní ti ẹja striper, ẹ tètè jí, kílẹ̀ tó mọ́ tán ló dáa jù. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní láìsẹ́ǹsì ẹja pípa ti ìpínlẹ̀ Georgia, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rà á, kò le rárá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ọkọ̀ tó ti jókòó látìgbà òtútù, ẹ yẹ bátìrì ẹ̀ wò, ẹ wo epo tó ti pẹ́ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i dájú pé ẹ ti dé ihò ìdí ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó tì í sómi. Tó bá jẹ́ pé inú ikùn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, tí kì í ṣe ẹ̀yìn ìta, ẹ tan fáànù tó ń fẹ́ òórùn epo jáde fún ìṣẹ́jú 4 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ra epo tán. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni òfin ti ní kí ẹni tó ń wa ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26 so okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ara tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹni tí wọ́n bí láti January 1998 gbọ́dọ̀ ṣe kọ́ọ̀sì kó tó wa ọkọ̀ ní Georgia.

Life jacket ńkọ́? Òfin ní kọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 13 wọ̀ ọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ, ṣùgbọ́n lásìkò yìí ẹ jọ̀ọ́, àgbà náà ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ má sọ pé ẹ mọ lúwẹ̀ẹ́. Tí èèyàn bá já sínú omi tútù lójijì, ara á já a, á mí gúlẹ̀ láìmọ̀, tí orí ẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà yẹn omi ló máa fà símú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà kì í pẹ́ kó tó kú tipiri.

Ẹ wo bí omi adágún ṣe ga tó pẹ̀lú, 1,071 ẹsẹ̀ bàtà lókè òkun ló máa ń wà tó bá kún, tó bá ti fà, àpáta àti ilẹ̀ tó farapamọ́ á ti sún mọ́ òkè, ẹ má gba ibi tí wọ́n bá ri àmì funfun tó ní àwọ̀ ọsàn lára sí. Ìjì ìrúwé ní Georgia kì í ṣeré, tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àrá, ẹ forí lé etí omi. Ẹni tó bá sì fẹ́ pẹja ní odò Chattahoochee nísàlẹ̀ Buford Dam, omi tútù nini ni wọ́n ń tú sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń yára kún, tẹ́ ẹ bá gbọ́ fèrè dáàmù, ẹ jáde nínú odò lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ẹja tó wà lẹ́nu ìwọ̀ sílẹ̀.